Olóòtú, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń lọ Ọsirélíà: ìlú eléwé níṣẹ́ nínú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú. Láti Yábà la ti ń kọ ìwé yìí. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni àwọn pátákó físà Ọsirélíà tó ti kún orí ilẹ̀ Èkó, láti Oyíǹgbò títí dé Ìkẹjà. Àwòrán kan náà ló sábà máa ń wà lára wọn: gbọ̀ngàn funfun etí omi Sydney, tí òrùlé rẹ̀ rí bí ìgbòkun. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn físà tí wọ́n ń bá èèyàn ṣe jù ni 491, ẹni tó bá sì gba 491 kò gbọdọ̀ fi Sydney ṣe ibùgbé. Kò gbọdọ̀ fi Melbourne tàbí Brisbane ṣe é pẹ̀lú. Ìgbèríko àti àwọn ìlú yòókù ni òfin ní kó lọ máa gbé, kó sì máa ṣiṣẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni físà náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 5 ló ń lò. Ẹni tó bá ti lo ó kéré tán ọdún 3 níbẹ̀, tí ìwé owó-orí rẹ̀ sì pé, ló lè béèrè fún 191, ìyẹn ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí.

Ọdún 3 kì í ṣe ọjọ́ 3. Wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn wa bí wọ́n ṣe ń ka pọ́íǹtì físà àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó ti àdúgbò kan ní Múṣin. Ìyẹn la fẹ́ sọ.

Àwọn ìlú náà lẹ́wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń bà wọ́n jẹ́. Bright wà lẹ́sẹ̀ òkè ní ìpínlẹ̀ Victoria. Bellingen wà létí odò ní New South Wales. Armidale, tó tóbi jù wọ́n lọ, wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bíi 1,000 mítà ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì ń mú kí omi dì lóru. Igi ló yí gbogbo wọn ká. Ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ewé elm, oak àti poplar tí àwọn òyìnbó gbìn síbẹ̀ á pọ́n, òmíràn á yọ bí ìyeyè, wọ́n á sì máa já bọ́ títí ojú títì á fi dà bí ẹní aláràbarà. Ẹ rántí pé oṣù kejìlá sí ìkejì ni ooru tiwọn, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ sì ni òtútù. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ wa l'Ékòó, àwọn wà nínú oòrùn.

Ṣùgbọ́n ewé tó dá ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ yẹn kan náà ni iṣẹ́ onílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti igi òyìnbó. Ti eucalyptus ni, igi tí wọ́n ń pè ní gum tree. Òun kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́ ọ, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ooru. Èèpo ara rẹ̀ náà ń bó gbọọrọ gbọọrọ. Òróró wà nínú ewé rẹ̀. Òróró yẹn ló ń ta sánsán símú lẹ́yìn òjò, òun náà ló ń mú kí ewé náà gbiná bí ìgbà tí èèyàn da kẹrosíìnì sí i. Ẹ̀ka ńlá lè já lára rẹ̀ ní ọ̀sán gangan láìsí afẹ́fẹ́ kankan, nítorí náà ẹ má ṣe gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì tẹ́ ẹní síbẹ̀, bó ti wù kí ibòòji rẹ̀ tutù tó. Ẹ má ṣàdédé gé e pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, bí igi náà tilẹ̀ wà nínú ọgbà yín.

Láti òrùlé ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ títì; páànù tó yí etí òrùlé ká ni, tó ń gba omi òjò lọ sínú páìpù. Bí ewé bá kún un tí òjò ńlá dé, omi kò ní rọ́nà lọ, á padà sínú ilé, sílíńgì á sì rà. Bí òjò kò bá rọ̀ ni ọ̀rọ̀ burú jù, torí ewé gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi òrùlé ti di ìṣáná. Ẹ kó o kúrò kí ooru tó wọlé, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù títí ooru á fi kọjá. Níbi tí igi òyìnbó bá wà, ẹ tún kó o ní oṣù kẹfà, nígbà tí ewé bá ti já tán. Bí ibi tí ẹ gbé àkàbà tì bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ àkàbà jìnnà sí ògiri ní mítà 1, kí ẹnì kan sì dì í mú nísàlẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí etí páànù mú, aláǹtakùn sì ń gbé ibẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kó ewé sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi omi tì í, torí inú páìpù ló máa lọ dì sí. Ìgbà tí ẹ bá kó o tán lẹ tó máa da omi sí i, kí ẹ lè mọ̀ bóyá páìpù ń fà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì bo gọ́tà, kó lo ti irin, torí ti rọ́bà á yọ́, á sì jó.

Iná pápá ló jẹ́ ká máa tẹnu mọ́ ewé tó báyìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2009, èèyàn 173 ló kú nínú irú iná bẹ́ẹ̀ ní Victoria. Ní ooru ọdún 2019 sí 2020, ó tún jó ìgbèríko New South Wales àti Victoria fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó bá dàgbà lábúlé mọ màjàlà, eérú koríko dúdú tó ń fò wọ̀lú nígbà tí wọ́n bá ń sun oko. Tiwọn kì í ṣe eérú tó ti kú. Èèpo eucalyptus tó ṣì ń jó ni, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e ṣáájú iná fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ibi tó bá bà lé tó bá ewé gbígbẹ, iná tuntun ti sọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tó jóná ni ahọ́n iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Màjàlà bẹ́ẹ̀ ló kó sí gọ́tà, tàbí ó gba abẹ́ páànù wọlé, tàbí ó bà sórí ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, kí igi ìdáná jìnnà sí ara ilé nígbà ooru. Kí koríko àyíká má ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ ilé àti abẹ́ òrùlé. Ẹ yí ẹnu sílíńdà gáàsì kúrò lọ́dọ̀ ilé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kéde Total Fire Ban, ẹ kò gbọdọ̀ dá iná igi tàbí ti èédú síta, ì báà jẹ́ asun ọjọ́ ìkómọ. Pátákó kan wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú tó rí bí ìlàjì òṣùpá, ọwọ́ kan sì ń tọ́ka sí bí ewu ọjọ́ náà ti tó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ipele 4 ló wà lórí rẹ̀: Moderate, High, Extreme, àti Catastrophic tó burú jù. Ilé kankan kò sí tí wọ́n kọ́ láti dúró de iná ọjọ́ Catastrophic. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tàbí ní ìdájí ni kí ẹ ti kúrò níbẹ̀, ì báà má sí èéfín kankan lójú ọ̀run. Ẹni tó dúró títí ó fi rí iná ló ń há sójú ọ̀nà, nínú èéfín tí kò jẹ́ kó rí iwájú mọ́tò ara rẹ̀.

Ẹ má dúró de ọkọ̀ panápaná. Ọ̀pọ̀ panápaná ìgbèríko ló jẹ́ olùyọ̀ǹda, tíṣà, àgbẹ̀ àti ọlọ́jà tí kò gba kọ́bọ̀, ọkọ̀ wọn kò sì lè kárí gbogbo ilé. Ẹ di báàgì yín sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá: páàsípọ́ọ̀tù, oògùn, omi, bàtà tó bo ẹsẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti rédíò oníbátìrì tí ẹ ti yí sí ABC, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ti agbègbè yín. Iná mànàmáná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ ní wákàtí tí ẹ nílò wọn jù. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀. Náílọ́ọ̀nù á yọ́ mọ́ èèyàn lára.

Àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ìlú, omi òjò ni wọ́n ń lò, ewé sì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: òjò mìlímítà 1 tó bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, lítà 1 ni. Bí òrùlé bá jẹ́ 200 irú rẹ̀, òjò mìlímítà 10 á fún yín ní nǹkan bíi lítà 2,000. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 150 lójúmọ́ yóò lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìdí nìyí tí táńkì fi máa ń tó lítà 20,000 sókè níbẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn kúrò lórí òrùlé ló kó ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku, nítorí náà wọ́n máa ń ṣe páìpù òòró kan tó ń gbà á sọ́tọ̀ kó má dé táńkì. Ẹ máa tú páìpù náà dànù lẹ́yìn òjò. Bí ewé bá wọ táńkì, omi á pọ́n bíi tíì, á sì máa rùn. Kí ẹnu táńkì ní nẹ́ẹ̀tì, torí ẹ̀fọn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ kíkó jáde ní ọdún 2 tàbí 3 síra. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sílé ń lo iná, ará Èkó kò sì nílò àlàyé lórí ìyẹn: kò síná, kò sómi. Níbẹ̀, igi tó wó lu wáyà ni kì í jẹ́ kí iná wà, ìjì àti iná pápá ló sì ń wó o. Ẹni tó bá fẹ́ fi omi táńkì gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ iná gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìfami tó ń lo pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì.

Ejò fẹ́ràn abẹ́ òkìtì ewé àti igi ìdáná. Eastern brown wà lára àwọn ejò tí oró wọn le jù láyé, ó sì ń rìn ní àyíká ilé àti oko. Bí ó bá bu èèyàn ṣán lápá tàbí lẹ́sẹ̀, ẹ gbàgbé gbẹ́rẹ́, ẹ gbàgbé òkúta dúdú. Ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í, ẹ má sì fọ ojú ibẹ̀. Ẹ ní kó dùbúlẹ̀, kó má rìn rárá, kí ẹ sì pe 000, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn. Ẹ mú báńdéèjì fífẹ̀ tó ń fà, ẹ wé e lé ojú ibi tó ti ṣán an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìka, kí ẹ wé e gòkè títí yóò fi bo gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ náà, kó le bí ìgbà tí a ń wé ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́. Ẹ di igi mọ́ ọn kó má baà ṣẹ́ po. Ìdí ni pé ìrìn àti mímira ló ń ti oró náà wọ inú ara. Bí ẹsẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, oró náà á falẹ̀ títí dókítà yóò fi dé. Ẹ má lé ejò náà. Ibi tí ẹni tó ń lé ejò ti ń gba ìṣán ìkejì nìyẹn, òfin ibẹ̀ sì dáàbò bo ejò.

Ewé tí ẹ gbá ní ike tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìlú, ike onídèérí pupa ni ti ìdọ̀tí, ti onídèérí ofeefee jẹ́ ti ìwé, agolo àti ike tí wọ́n ń tún lò, ti onídèérí àwọ̀ ewé sì jẹ́ ti ewé àti koríko, àti ti àjẹkù oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ gbé wọn síta ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkódọ̀tí, kí kẹ̀kẹ́ wọn kọjú sí ilé. Bí wọ́n bá bá ọ̀rá nínú ike ewé, wọ́n lè fi í sílẹ̀, ẹ kò sì ní rí ẹni bẹ̀ bí a ṣe ń bẹ àwọn PSP.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wáyé. Kò sí dánfó níbẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì kò sì pọ̀. Ẹni tí kò ní mọ́tò kò lè lọ síbi iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń wa ọkọ̀ gbà. Ní New South Wales àti Victoria, bí kò bá sí pátákó mìíràn, kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan ni eré inú ìlú, 100 sì ni ti ẹ̀yìn ìlú. Ní New South Wales, láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2023, ẹni tó bá fi físà onígbà díẹ̀ gbé ibẹ̀ kọjá oṣù 6 gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì wọn, ọmọ Nàìjíríà á sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kangaroo ń sọdá. Bó bá já lu ọ̀nà, ẹ tẹ búrẹ́kì, ẹ má yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì: kangaroo lè yà, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í yà.

Kí ẹ tó ra fóònù ní Computer Village, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n ti pa 3G tì ní Ọsirélíà láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Fóònù tí kò bá lè fi 4G pe 000, òfin ní kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì má ṣe gbà á rárá, bó tilẹ̀ ní 4G fún íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan.

Ẹni tó ní 491 lè lo Medicare, ètò ìlera ìjọba wọn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìlú kékeré, dókítà kò pọ̀, ẹ sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kàn yín, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé gan-an ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró de àìsàn. Medicare kì í san owó ọkọ̀ áńbúláǹsì. Ní Queensland, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san án fún ará ibẹ̀. Ní Victoria, ẹ lè san owó ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ní New South Wales, ẹ ra ìdójútòfò. Ẹni tó bá ní láti rìn tó kìlómítà 100 lọ rí dókítà àkànṣe ní New South Wales lè béèrè fún IPTAAS, tó ń dá apá kan nínú owó ọkọ̀ àti ibùsùn padà.

Ti ilé rọrùn ju ti Èkó lọ lápá kan. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka owó ilé, kò sí àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́rùn ayálégbé. Ní New South Wales, owó ìdúró kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ 4 lọ, ìjọba ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun ilé lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, kí ẹ sì dá ìwé ipò ilé padà láàárín ọjọ́ 7. Ewé inú gọ́tà àti koríko gígùn lè di ìjà láàárín ẹ̀yin àti onílé. Ẹ béèrè ẹni tó ni iṣẹ́ gọ́tà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ó ku àwọn èèyàn. Ọmọdé á pe yín lórúkọ. Kì í ṣe àrífín. Ẹni tó ń bọ̀ nínú mọ́tò á gbé ìka kan sókè lórí ọwọ́ ọkọ̀, ẹ gbé tiyín náà. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀, Gumbaynggirr ní Bellingen, Anaiwan ní Armidale. Ọmọ Èkó tó mọ ipò àwọn Ìdẹ́jọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ dákẹ́ títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Ẹran ewúrẹ́ lè má sí lórí àtẹ alápatà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ń tà á sókè òkun tó Ọsirélíà. Ẹ sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, á bá yín wá a.

Bí wọ́n bá pè yín síbi àpèjẹ tí wọ́n ní kí ẹ mú àwo wá, kì í ṣe àwo òfìfo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, tó lè tó èèyàn bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ, torí pé oúnjẹ tí kálukú bá gbé wá ni gbogbo wọn jọ ń jẹ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dára, kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ náà sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bí ẹ̀pà bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, torí àwọn kan wà tí díẹ̀ rẹ̀ lásán lè dí ọ̀fun wọn pa.

Àwa òǹkàwé yín,
Yábà, Èkó.